Ogun Làìbéríà, 1990: ṣé ó yẹ kí Nàìjíríà dá sí i?

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn ECOMOG, ọmọ ogun tí ECOWAS (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) kó jọ, gúnlẹ̀ sí Freeport, èbúté ńlá tó wà ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Wọ́n tó bíi 3,000 sójà, láti Nàìjíríà, Gánà, Gínì, Sierra Leone àti Gáḿbíà. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn rán wọn ni pé kí wọ́n lọ ṣọ́ àlàáfíà. Wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ tán tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí ọlọ́tẹ̀ tó fẹ́ gba ìjọba Làìbéríà, fi ìbọn kí wọn káàbọ̀, torí Taylor ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀tá lòun yóò kà wọ́n sí. Àlàáfíà tí wọ́n wá ṣọ́ kò sí nílẹ̀.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, síbẹ̀ ìjiyàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn kò tíì rọlẹ̀. Ẹni tó bá ní ó yẹ ká lọ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kí la lọ wá níbẹ̀, òun náà ní tirẹ̀. Èmi wà lára àwọn tó gbà pé ó yẹ ká lọ. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni pé a lọ jagun, a pè é ní ìlàjà. Orúkọ tí kò bá iṣẹ́ mu yẹn pa sójà, ó pa ará ìlú, ó sì wà lára ohun tó sọ ìjà tí ọ̀pọ̀ rò pé kò ní pẹ́ tán di ti ọdún méje. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìjà náà kò ṣẹ̀yìn Samuel Doe. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1980, Doe, sájẹ́ǹtì tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kó àwọn sójà díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n já wọ ilé Ààrẹ, wọ́n pa William Tolbert, wọ́n sì gbàjọba. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n so 13 nínú àwọn aláṣẹ ìjọba Tolbert mọ́ òpó létí òkun, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀yà Krahn ni Doe. Àwọn èèyàn rẹ̀ ló kó yí ara rẹ̀ ká nínú iṣẹ́ ológun àti ìjọba. Ó dìbò lọ́dún 1985, ó sì fi màgòmágó gbé ara rẹ̀ wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Thomas Quiwonkpa, ẹni tí wọ́n jọ gbàjọba ní 1980, gbìyànjú láti lé e kúrò, kò bọ́ sí i, wọ́n sì pa á. Ọmọ agbègbè Nimba ni Quiwonkpa. Àwọn sójà Doe bá gba Nimba lọ, wọ́n ń pa ẹ̀yà Gio, wọ́n ń pa ẹ̀yà Mano, ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀tẹ̀ náà àti ẹni tí kò mọ̀.

Èyí ni kò jẹ́ kó yà mí lẹ́nu pé nígbà tí Taylor àti ìwọ̀nba èèyàn tí kò tó 200 ré ààlà Ivory Coast kọjá wọ Nimba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989, àwọn ará ibẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀san ni wọ́n rí. Ẹgbẹ́ NPFL tí Taylor kó wá gbòòrò bí iná ọ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje ọdún 1990, wọ́n ti dé ẹ̀gbẹ́ Monrovia. Prince Johnson, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun Taylor, ti yapa, ó ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó kù sí Doe lọ́wọ́ nínú gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ju ilé Ààrẹ àti àdúgbò díẹ̀ lọ.

Nínú ìlú tí wọ́n há mọ́ yìí, ẹni tó bá jẹ́ Gio tàbí Mano kò mọ ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Àwọn kan sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's Lutheran ní Sinkor. Àsíá Red Cross wà níbẹ̀, wọ́n rò pé ó tó láti dáàbò bo àwọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Keje, àwọn sójà Doe wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Àwọn ìyá àti ọmọ ń sùn lórí ìjókòó àti lórí ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn bíi 600 ti kú. Wọ́n wa kòtò sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n sì kó òkú wọn sin pọ̀ sójú kan.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí bóyá ó yẹ ká dá sí ogun Làìbéríà tàbí kò yẹ, kó bẹ̀rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Láti ọjọ́ yẹn sí ọjọ́ tí wọ́n pinnu láti rán sójà lọ kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

Banjul, ní Gáḿbíà, ni wọ́n ti pinnu rẹ̀, ní ọjọ́ 6 àti 7 oṣù Kẹjọ. Kì í ṣe gbogbo ECOWAS ló jókòó. Ìgbìmọ̀ ìlàjà ẹlẹ́ni márùn-ún kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ló pàdé: Nàìjíríà, Gánà, Gáḿbíà, Málì àti Tógò. Nínú márààrún yìí, Málì àti Tógò kò rán sójà kankan nígbà náà. Gínì àti Sierra Leone tí ogúnléndé ń ya wọ ilẹ̀ wọn bí omi ló dara pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Nígbà tí a bá wá ń sọ pé "Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà" ló lọ, orílẹ̀-èdè márùn-ún nínú 16 tó wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà yẹn ni, Nàìjíríà ló sì gbé ẹrù tó wúwo jù, sójà, owó, ọkọ̀ àti epo.

Kí ni àwọn tó ní ká lọ rí sọ? Àkọ́kọ́ ni pé èèyàn ń kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó fẹ́ dá sí i. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá ló kéde òmìnira Làìbéríà ní 1847, gbogbo ayé ló sì ń retí pé Amẹ́ríkà ni yóò gbà wọ́n. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà wà lójú òkun níwájú Monrovia lóòótọ́. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n fi hẹlikópítà kó àwọn èèyàn tiwọn àti àwọn àlejò mìíràn kúrò, ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù náà, Iraq ti wọ Kùwéètì, ibẹ̀ ni ojú gbogbo aláṣẹ ayé kọjú sí. Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò sọ gbólóhùn kan lórí Làìbéríà títí di oṣù Kìíní ọdún 1991. Bí ẹ̀yin kò bá pa iná ilé yín, ta ni ẹ fẹ́ kó bá yín pa á?

Èkejì ni ti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó há sí Làìbéríà, àwọn oníṣòwò, àwọn olùkọ́, àwọn tó lọ fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Ààrẹ Ibrahim Babangida tẹnu mọ́ jù: pé nínú ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, nítorí náà kò sí ìjọba kan ní Nàìjíríà tó lè máa wòran nígbà tí agbègbè náà bá ń jó. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn Ààrẹ ìgbà náà sì ní ìdí mìíràn tí wọn kò pariwo rẹ̀. Líbíyà ló kọ́ àwọn ọmọ ogun Taylor ní ogun jíjà, àwọn ọmọ Gáḿbíà àti ọmọ Sierra Leone sì wà láàárín wọn. Ẹ̀rù ń ba àwọn tó wà lórí àga pé bí èyí bá bọ́ sí i, ó lè kan tiwọn lọ́la.

Àwọn tó ní ká má lọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ààrẹ Blaise Compaoré ti Burkina Faso sọ ọ́ ní gbangba pé ECOWAS kò ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ìjà abẹ́lé ọmọ ẹgbẹ́ kankan, àfi ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ kan àti òmíràn. Ohun tó sọ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú ìwé. Àdéhùn ìgbèjà ara ẹni tí ECOWAS fọwọ́ sí ní Freetown lọ́dún 1981 ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Bí ogun abẹ́lé bá jẹ́ èyí tí àwọn ará òde ń tì lẹ́yìn tó sì lè ba àlàáfíà agbègbè jẹ́, wọ́n lè rán sójà. Bí ó bá jẹ́ ti inú ilé nìkan, kí wọ́n má ṣe rán an. Nítorí náà, gbogbo ẹjọ́ náà dúró lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ti inú ilé ni ogun Làìbéríà?

Èsì ìbéèrè yẹn wà lọ́wọ́ Compaoré fúnra rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ohun ìjà àti ọmọ ogun ti ń dé ọ̀dọ̀ Taylor. Ivory Coast ni wọ́n ń gbà wọlé, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny sì ní ìbínú tirẹ̀ láti ìgbà tí Doe ti gbàjọba: ọmọ Tolbert tí wọ́n pa lọ́dún 1980, ọmọbìnrin tí Houphouët-Boigny gbà tọ́ ló fẹ́. Ẹni tó ń da epo sí iná lóru ló ń sọ fún wa lọ́sàn-án pé iná inú ilé ni, kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí i. Lójú tèmi, ibi tí ẹjọ́ Compaoré ti wó nìyí. Kì í ṣe pé òfin tó tọ́ka sí kò sí. Òun gan-an ló sọ ogun náà di èyí tí òfin yẹn gba ECOWAS láyè láti dá sí.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn fo ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Òfin 1981 yẹn ní gbogbo olórí orílẹ̀-èdè ni yóò pinnu, kì í ṣe márùn-ún. Wọn kò rí èyí ṣe títí di ìpàdé Bamako ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 1990, nígbà tí ìjà ti lọ jìnnà. Wọ́n tún sọ pé Doe kọ ìwé ní oṣù Keje láti bẹ ECOWAS pé kí wọ́n rán sójà wá. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Onílé tí ilé ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́, tó ku yàrá kan, ṣé ó ṣì lè gba àlejò wọlé ní orúkọ gbogbo ẹbí? Taylor ní rárá, n kò sì rí i dá lẹ́bi lórí èyí nìkan.

Ohun tó tún ba ọ̀rọ̀ Nàìjíríà jẹ́ ni ọ̀rẹ́ tó wà láàárín Babangida àti Doe. Owó Nàìjíríà ni wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní yunifásítì Làìbéríà, orúkọ Babangida ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ọ̀rẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ń jà, tó wá ní òun wá là wọ́n, kò sí bí ẹnì kejì kò ṣe ní fura. Àwa Yorùbá kò yẹ ká gbàgbé èyí. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó wá là wá, wọ́n mú Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fọwọ́ sí ìwé ní 1886. Àlàáfíà dé nígbẹ̀yìn, ní 1893. Ilẹ̀ náà sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Onílàjà kì í wá lásán.

Nílé ńkọ́? Ìjọba ológun ló wà ní Nàìjíríà. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, ìwọ́de ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, àwọn sójà kan sì ti gbìyànjú láti fi ìbọn gba ìjọba ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1990 gan-an. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni wọ́n kó sójà lọ sí Làìbéríà. Àwọn oníròyìn bi wọ́n pé: owó wo? Wọ́n bi wọ́n pé báwo ni ìjọba tí wọn kò dìbò yàn nílé ṣe fẹ́ lọ ṣètò ìbò nílé onílé. Ìbéèrè gidi ni. Ilé aṣòfin tí wọn ì bá ti bi í kò sí. Kò sí ẹni tó dúró níwájú ẹnikẹ́ni láti ṣàlàyé ohun tí a ń lọ ṣe, iye ọjọ́ tí a máa lò, àti ohun tí yóò jẹ́ ká mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Méjì nínú àwọn oníròyìn wa lọ fojú ara wọn rí i: Krees Imodibie ti ìwé ìròyìn The Guardian àti Tayo Awotunsin ti Champion. Wọn kò gbé ìbọn. Àwọn ọmọ ogun Taylor mú wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Láti ọjọ́ tí ECOMOG ti gúnlẹ̀ ni NPFL ti ń kó àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó rán sójà wá, wọ́n ń kó wọn ní ìgbèkùn, wọ́n ń pa nínú wọn. Àwọn tí a ní torí wọn la ṣe lọ, ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbẹ̀san.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ló fi ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ náà hàn kedere. Ọ̀gágun Arnold Quainoo, ọmọ Gánà, ló ń darí ECOMOG nígbà náà, ibùdó rẹ̀ sì wà ní Freeport. Doe jáde kúrò nínú ilé Ààrẹ, òun àti àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ó wá kí Quainoo. Kò pẹ́ tí Prince Johnson náà fi dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tí ó dáwọ́ dúró, òkú àwọn ẹ̀ṣọ́ Doe ti kún ilẹ̀, Doe fúnra rẹ̀ ti fara gbọta lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti wọ́ ọ lọ. Inú ọgbà àwọn aṣọ́-àlàáfíà ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e, Johnson ní kí wọ́n ká a sínú fídíò. Ó jókòó sídìí tábìlì, bíà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan dúró tì í, ó ń fẹ́ ẹ. Doe wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n ti bọ́ ọ ku pátá, wọ́n dè é, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń bẹ̀. Wọ́n gé e létí. Kò rí ọjọ́ kejì já. Wọ́n ta fídíò náà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èèyàn sì ń rà á wò bí ẹni ra fíìmù.

Ìwà tí Doe ti hù kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, mo sì mọ ìdí. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ọjọ́ yẹn sọ nípa àwọn tí a rán. Wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́ àlàáfíà, wọ́n ní kí wọ́n má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, wọn kò sì sọ fún wọn ohun tí wọ́n máa ṣe bí ẹnì kan bá wọ ọgbà wọn wá pa ẹlòmíràn. Sójà tí kò mọ̀ bóyá ọlọ́pàá lòun tàbí jagunjagun, ìdákẹ́ ni yóò yàn.

Láàárín oṣù yẹn náà ni wọ́n yọ Quainoo, wọ́n sì fi Joshua Dogonyaro, ọmọ Nàìjíríà, rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni orúkọ àti iṣẹ́ ti yà pátápátá. Dogonyaro kò ṣọ́ nǹkan kan, ó jagun. Ó lé Taylor jìnnà débi tí àgbá rẹ̀ kò fi lè bá Monrovia mọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, gbogbo wọn fọwọ́ sí ìwé ní Bamako pé àwọn dáwọ́ ìjà dúró. Amos Sawyer, ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, di olórí ìjọba fìdíhẹ. Oúnjẹ padà wọ ìlú, ọjà sì tún ná. Ẹni tó bá ń sọ pé kò sí èrè kankan nínú ìrìn-àjò yẹn, kó lọ bi àwọn tó wà ní Monrovia ní ìparí ọdún 1990.

Àmọ́ Monrovia nìkan ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Làìbéríà wà lọ́wọ́ Taylor. Gbarnga ni olú ìlú tirẹ̀. Ó ń ta igi gẹdú, ó ń ta irin, ó ń fi owó rẹ̀ ra ìbọn, ó ń fọwọ́ sí àdéhùn, kì í sì í mú un ṣẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1992, ó kọ lu Monrovia tọ̀sán-tòru, ìkọlù tó pè ní Octopus. Adétúnjí Olurin, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ló wá ń darí ECOMOG ní ìparí ọdún yẹn. Òun kò fi dúdú pe funfun: ó ní àwọn yóò jà. Báálù Alpha Jet ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù, wọ́n lé NPFL sẹ́yìn, wọ́n sì gba èbúté Buchanan lọ́wọ́ wọn ní 1993. Bọ́ǹbù kì í yan ẹni tí yóò bà, ó ba àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Láti rí Taylor bá fínra, ECOMOG tún fa àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ mìíràn bí ULIMO mọ́ra. Ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ pọ̀ sí i, olúkúlùkù ní ibi tó ti ń wa dáyámọ́ǹdì tàbí gé igi.

Ó tún kàn ilé àwọn ará wa kan. Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú ti gúnlẹ̀, tí ọmọ wọn sì wà níbẹ̀ títí dòní, gba ECOMOG láyè láti lo pápá ọkọ̀ òfuurufú Lungi. Taylor búra lórí rédíò pé àwọn náà yóò tọ́ ìkorò ogun wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, àwọn ọlọ́tẹ̀ RUF gba ilẹ̀ Làìbéríà wọ Sierra Leone. Ọdún mọ́kànlá ni ogun ibẹ̀ gbà. Àwọn kan ní ECOMOG ló fa ìyẹn. N kò gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó dá iná sílẹ̀ ni a ń bi léèrè, kì í ṣe ẹni tó gbé omi. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Taylor yóò gbẹ̀san, a kò sì fi sójà tó pọ̀ tó ṣọ́ ẹnubodè ẹni tó yá wa ní ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀bi ìyẹn wà lọ́rùn wa.

Ohun mìíràn wà tí ó ń dun èmi ju bọ́ǹbù lọ. Àwọn ará Monrovia tú orúkọ ECOMOG sí ìtumọ̀ mìíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: pé gbogbo mọ́tò tàbí ohunkóhun tó bá ń rìn ti lọ. Wọ́n sọ ọ́ torí wọ́n rí i. Kì í ṣe gbogbo sójà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú kí ọmọ ọlọ́mọ lè yè. Ṣùgbọ́n àwọn kan kó ẹrù àwọn tí wọ́n ní àwọn wá gbà. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí sójà àlejò bí fún ọmọge Làìbéríà, tí bàbá wọn wọ ọkọ̀ padà sílé tí kò bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti dàgbà báyìí. Ọmọ wa ni wọ́n. A máa ń ka owó tí a ná síbẹ̀, bílíọ̀nù dọ́là ni àwọn aláṣẹ máa ń dá. N kò tíì gbọ́ kí aláṣẹ kan ka àwọn ọmọ yẹn.

Àdéhùn pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn: Cotonou ní 1993, Akosombo ní 1994, Abuja ní 1995, Abuja lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1996 lẹ́yìn tí Monrovia tún ti jóná ní oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1997, wọ́n dìbò, àwọn sójà wa sì wà níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Taylor ló wọlé, pẹ̀lú ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọrin kiri pé ó pa ìyá àwọn, ó pa bàbá àwọn, òun náà ni àwọn yóò dìbò fún. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé bí kò bá wọlé, yóò padà sínú igbó. Ẹni tí a lọ dí lọ́nà ní 1990, ọdún méje lẹ́yìn náà, àwa la ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àwọn tó ń ṣírò òkú ogun náà máa ń dá 150,000 sí 200,000.

Ṣé kí a má lọ nígbà náà? Mo ti rò ó títí. Bí a kò bá lọ ní 1990, Taylor ni ì bá gba Monrovia pẹ̀lú gbogbo ẹ̀yà Krahn àti Mandingo tó wà nínú rẹ̀, ohun tó sì ti ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́nà kò jẹ́ kí n ṣiyèméjì lórí ohun tí ì bá tẹ̀ lé e. Ó yẹ ká lọ. Ì bá jẹ́ pé a sọ ọ́ fún ara wa láti ilẹ̀ pé ogun ni, pé Taylor la fẹ́ dá dúró, a ì bá kó sójà tó tó lọ, a ì bá wá ojú rere Ivory Coast kí a tó wọkọ̀, a ì bá fún Quainoo ní àṣẹ láti pa ilẹ̀kùn ọgbà rẹ̀ dé. Nítorí pé a pè é ní ìlàjà, kò sẹ́ni tó ní láti ro gbogbo èyí.

Òfin ti yàtọ̀ díẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ẹsẹ karùn-ún sọ pé Ààrẹ kò lè rán sójà lọ jagun lóde láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger tí ECOWAS sì ń halẹ̀, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kọ ìwé sí ilé ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n jiyàn, wọn kò sì fọwọ́ sí ogun. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí ibi sọ ní 1990 nìyẹn, wọ́n sọ ọ́. Inú mi dùn sí i, láìka ohun tí mo rò nípa Niger sí.

Taylor? Ó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2003 nígbà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ mìíràn há a mọ́ Monrovia, ìjọba Ọbásanjọ́ sì fún un nílé sí Calabar kí ogun lè tán. Àwọn ọmọ Nàìjíríà méjì tí àwọn ọlọ́tẹ̀ gé lọ́wọ́ ní Sierra Leone pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, wọ́n mú un ní Gamboru, níbi tó ti fẹ́ sá gba ẹnubodè Kamẹrúùnù lọ. Ilé ẹjọ́ pàtàkì ti Sierra Leone gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní The Hague, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n 50 ọdún ní 2012. Ẹ̀sùn mọ́kànlá ni wọ́n fi kàn án, gbogbo rẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Sierra Leone. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti Làìbéríà nínú wọn. Wọn kò bi í nípa Krees Imodibie àti Tayo Awotunsin nínú ẹ̀sùn kankan.